Ẹ má ṣe ní kí aboyún máa mu tíì lé oúnjẹ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ìwé ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, nítorí náà mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa kọfí àti tíì láti òkè délẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ gbìyànjú, òótọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò, nítorí pé iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ní kí aboyún tí inú rẹ̀ bá ń kún máa mu ife tíì gbígbóná kan ní kété tó bá jẹun tán, kí oúnjẹ náà lè tètè dà. Ìlà yẹn ló mú mi gbé kálámù.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé fíláàsì dání láti ilé, nítorí wọ́n mọ̀ pé èrò pọ̀, àti pé ọ̀sán lè pọ́n kó tó kàn wọ́n. Aboyún á ya búrẹ́dì, á tì í bọ inú tíì tó ti fi mílíìkì pò, á jẹ ẹ́ tán, á wá tú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un jáde nínú ọ̀rá, á jù ú sẹ́nu, á sì fi tíì tó kù nínú ìdérí fíláàsì gbé e mì. Ojú mi rí èyí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo máa ń gbé omi lọ bá wọn lórí ìjókòó. Bí irú wọn bá padà wá, tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí a rí i pé kò gòkè, wọ́n á búra pé àwọn kò fo oògùn náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òótọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ.

Èròjà kan wà nínú ewé tíì tó máa ń mú kó korò, tó sì máa ń fún èèyàn lẹ́nu pọ̀ bí a bá jẹ́ kó pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Polyphenol ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Bí òun àti irin tó wà nínú oúnjẹ, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bá pàdé nínú ikùn, ṣe ló máa ń so mọ́ irin náà tí ìfun kò fi ní rí i fà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Irin tí a ń rí nínú ẹran àti ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ fara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, búrẹ́dì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fara gbá a púpọ̀. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí gan-an sì ni aboyún tí kò lówó ẹran lọ́wọ́ gbẹ́kẹ̀ lé.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ nípa oúnjẹ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, búrẹ́dì ni wọ́n sì fún àwọn tó kópa níbẹ̀ jẹ, irú oúnjẹ tí aboyún tiwa ń jẹ lórí ìjókòó yẹn. Nígbà tí wọ́n fi ti ọjọ́ tí wọ́n fi omi jẹ búrẹ́dì náà wé ti ọjọ́ tí wọ́n fi tíì jẹ ẹ́, wọ́n rí i pé tíì dúdú dín irin tí ara rí gbà kù ní ìdá 79 sí ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Kókó dín in kù ní ìdá 71. Ewé míǹtì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí egbòogi tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, dín in kù ní ìdá 84. Mílíìkì tí wọ́n dà sí tíì kò sì mú ìyàtọ̀ kan gbòógì wá. Mo mẹ́nu ba ti mílíìkì nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá pé mílíìkì ń pa agbára tíì. Kò rí bẹ́ẹ̀, ká sì tún rántí pé èròjà kálíṣíọ̀mù inú mílíìkì náà máa ń dí irin lọ́wọ́ níwọ̀n tirẹ̀. Ní ti Milo àti Bournvita, kókó inú wọn kò pọ̀ tó ti kókó gidi tí wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ní kété tó bá jẹun tán” tí òǹkọ̀wé yín lò ni ìdààmú ibẹ̀. Ìwádìí kan ti wà láti ọdún 1983, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi kọfí àti tíì ti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ sí láàárín. Kọfí dín irin tí ara gbà kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, tíì dín in kù ní ìdá 64. Nígbà tí wọ́n mu kọfí náà ní wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun, kò sí ìpalára rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mu ún ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, bákan náà ló rí bí ìgbà tí wọ́n mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ní ti tíì, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2017, fi hàn pé bí a bá fi wákàtí kan sáàárín, ìpalára náà máa ń dín kù gidigidi. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń sọ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n jẹ́ kí wákàtí méjì kọjá, kí kọfí àti tíì lè wà lábẹ́ òfin kan náà. Ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ bá sì ń mú èébì gbé lè fi oúnjẹ díẹ̀ lò ó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ omi ni yóò fi gbé e mì, tàbí kó la ọsàn kan sí i, nítorí pé èròjà fítámìn C inú ọsàn máa ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

N kò sọ pé kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú tíì. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹ ẹran tó ń jẹ ẹja, lè mu tíì rẹ̀ mọ́ búrẹ́dì láìsí ìyọnu. Aboyún ni mo ń sọ, àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, àti àwọn ọmọ kéékèèké tí a ń fún ní tíì dúdú mọ́ búrẹ́dì láàárọ̀ nítorí pé owó ẹyin kò sí.

Ohun kejì tó kan aboyún ni kafíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé kò yẹ kí ti aboyún kọjá mìlígíráàmù 200 lójúmọ́, nígbà tí ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè tó 400. Ìmọ̀ràn 200 kan náà ni àwọn ọmọ wa tó ń bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba wọn. Ife kọfí tí a fi asẹ́ sẹ́ ní tó nǹkan bíi 90, ife tíì dúdú kan ní tó 50, agolo kékeré ohun mímu tó ń fúnni lágbára sì ní tó 80. Kafíìnì kan náà ló wà nínú obì àti gbàǹja, ìyá tó bá ń fọ́nnu pé òun kò fẹnu kan kọfí rí kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú ara wa, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ìdajì kafíìnì máa ń lò kó tó lọ, ṣùgbọ́n bí oyún bá ti ń dàgbà, ó lè tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aboyún tó mu kọfí ní ìrọ̀lẹ́ tí kò rí oorun sùn lóru kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa wá ọ̀tá ilé fún un.

Òǹkọ̀wé yín tún sọ pé kọfí ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí àwọn ìwádìí ńlá sọ ni pé ìtọ̀ ṣúgà irú kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu kọfí, àrùn ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú sì kéré láàárín wọn. Lọ́dún 2012, ìwádìí kan tó lé ní ọ̀kẹ́ ogún ènìyàn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ń mu kọfí kì í tètè kú tó àwọn tí kì í mu ún, àwọn tó ṣe é sì fẹnu ara wọn sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kọfí ló fà á. Láti ibẹ̀ dé “ń wo” jìnnà. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ka ìwé ìròyìn yín, tó wá ń mu kọfí oní-ṣúgà inú páálí tí wọ́n ti fi ṣúgà àti mílíìkì lú pọ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé kọfí lè fa jẹjẹrẹ náà ti yí padà. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, sọ lọ́dún 1991 pé ó ṣeé ṣe kí kọfí máa fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2016 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ẹ̀sùn. Ohun tí wọ́n sọ ní ọdún náà ni pé ohun mímu èyíkéyìí tó bá gbóná ju 65°C lọ ló ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Lágbègbè Golestan ní Ìráànì, níbi tí wọ́n ti máa ń mu tíì ní gbígbóná janjan, wọ́n ti rí i pé ewu náà tó ìlọ́po mẹ́jọ láàárín àwọn tí tíì wọn gbóná tó 70°C, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí tiwọn kò tó 65. Mai ṣáì tó ń gbé ife kan sókè, tó ń da tíì láti inú rẹ̀ sínú èkejì títí tí ooru rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀, ń ṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ lóore ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá ń lo cipro, tí àwọn ènìyàn wa máa ń rà fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kó fi kọfí sílẹ̀ ná, nítorí pé oògùn náà kì í jẹ́ kí kafíìnì tètè kúrò lára, àyà á sì máa já pì pì pì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìlà tó kan aboyún yẹn tẹ̀ ní ojú ìwé kan náà, kí ẹ má ṣe fi í sí igun ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí àyè bá sì wà, ẹ fi kún un pé omi ni kí wọ́n fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kí ife tíì dúró di ẹ̀yìn wákàtí méjì.

Èmi ni,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.