Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ibi Tí Òkun Wà Tẹ́lẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ìpolówó ilẹ̀ kan tí ẹ gbé jáde lọ́jọ́sí ló fa lẹ́tà yìí, èyí tí wọ́n fi fọ́tò igi àgbọn méjì sí, tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ilẹ̀ etí òkun rèé, afẹ́fẹ́ tútù, owó ẹ̀ ò wọ́n. Bàbá àwọn ọmọ mi fi sáàsì gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ká a sínú àpò agbádá, látìgbà náà kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu wọn ju òkun lọ. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ wa mẹ́ta wà ní Kútọnu, Kétu tá à ń gbé ní Benin níbí jìnnà sí wọn, orúnkún ń dùn wọ́n, jíjókòó sínú tasí fún wákàtí mẹ́ta ti di ìyà. Wọ́n ní ká kó lọ sétí òkun. Èmi tí wọ́n bí sí Kétu, tí mò ń ta aṣọ lọ́jà Kétu látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mo ní kò burú, àmọ́ a ò ní tìtorí fọ́tò ra ilẹ̀ o, a máa lọ fojú ara wa rí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbéra, a gba Ìpóbẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, a sùn sílé àbúrò mi ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán láàárọ̀ Sátidé ni àbúrò mi gbé mọ́tò ẹ̀ jáde, ó ní òun á bá wa rìn dé gbogbo ibi tá a bá fẹ́, Ọlọ́run á máa bá a ṣe é.

Sẹ̀mẹ̀ la kọ́kọ́ dé torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ inú ìpolówó náà wà. Kí n sọ òótọ́, ibẹ̀ wù mí. Igi àgbọn lọ súà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹni tá a kí ń dá wa lóhùn ní Yorùbá tàbí ní èdè Ègùn, kò sì jìnnà sí Àjàṣẹ́, kò jìnnà sí Kútọnu. Bàbá ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Ìgbà tí mo bu omi kànga tí wọ́n gbẹ́ sílé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí mo tọ́ ọ wò, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀, omi yẹn níyọ̀ nínú. Bíríkìlà tó wà níbẹ̀ ní lábẹ́ yanrìn yẹn, omi òjò tó dáa ló léfòó sórí omi iyọ̀, béèyàn bá ń fà á jù, tòkè á tán, tìsàlẹ̀ á gòkè wá. Ó tún fi irin tó yọ jáde lára òpó kan hàn wá, ó ti dípẹtà, ó ń ṣí bí èèpo igi, bẹ́ẹ̀ ilé ọ̀hún ò tíì ní páànù lórí. Ó ní àwọn tó ń fi yanrìn òkun po sìmẹ́ńtì ló ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ Kútọnu lohun tí mi ò lè gbàgbé ti ṣẹlẹ̀. A yà sí àdúgbò kan lápá Àkpákpà, ní ìlà-oòrùn pọ́ọ̀tì, a bá ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja, mo fi èdè Ègùn díẹ̀ tí mo gbọ́ kí i, mo ní màmá, a ń wá ilẹ̀ tá a máa gbé. Ìyá náà wò mí títí, ó wá na ọwọ́ sójú omi, síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ní ibẹ̀ yẹn nilé bàbá òun wà. Ó ní kànga wọn wà lẹ́yìn ilé, àgbọn wà lẹ́yìn kànga, lẹ́yìn àgbọn èèyàn á ṣì rìn títí kó tó dé etí omi nígbà tóun wà lọ́mọge. Gbogbo ẹ̀ lòkun gbé lọ. Kò sunkún, ẹja ẹ̀ ló ń yí, àfi èmi lomi ń bọ́ lójú mi.

Àbúrò mi ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nínú mọ́tò, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé yín gbọ́ ọ dáadáa. Ìgbì òkun wa máa ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, yanrìn yẹn ń rìn láti apá Gánà, ó ń gba Tógò kọjá dọ́dọ̀ wa, ó ń lọ sí Nàìjíríà, bí odò tó ń ṣàn ni. Ohun tí òkun bá kó lọ lónìí, òun náà ló ń kó òmíràn wá dípò. Nígbà tí pọ́ọ̀tì Kútọnu wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965, ògiri òkúta tí wọ́n nà wọnú omi dá yanrìn dúró sápá ìwọ̀-oòrùn, ó kó jọ pelemọ síbẹ̀, apá ìlà-oòrùn ò rí gbà mọ́, ilẹ̀ àwọn èèyàn lòkun wá ń jẹ. Ọdún 1965 yẹn náà ni Gánà parí ìsédò Akosombo lórí odò Volta, Tógò àti Benin ní tiwọn sé odò Mono ní Nangbéto ní 1987, yanrìn tí àwọn odò yẹn ń kó wá sókun sì dín kù. Ìjọba ti kó òkúta ńláńlá nà sínú omi lápá Àkpákpà, mo rí i, ó ṣiṣẹ́, yanrìn ti ń padà sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí òkúta bá parí sí, iwájú ẹ̀ lòkun tún ń gbá mú. Kí ló wà níwájú ẹ̀? Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni. Ilẹ̀ inú fọ́tò yín nìyẹn.

A gba Fidjrossè ní Kútọnu bọ́ sójú ọ̀nà àwọn apẹja, a sùn sí Wídà, Ouidah táwọn Faransé ń pè é. Ìlú yẹn tutù lójú Bàbá. Àwọn obìnrin Djègbadji tó ń se iyọ̀ látinú ilẹ̀ ọ̀sà ta iyọ̀ fún mi, iyọ̀ tó dáa ni. Àmọ́ nígbà tá a dé iwájú ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní 1995 fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ẹsẹ̀ mi wúwo. Àwọn èèyàn wa láti Kétu wà lára àwọn tí wọ́n kó sọdá òkun dé Bàhíà ní Brazil, dòní àwọn ọmọ wọn ṣì ń dá orúkọ Kétu nídìí òrìṣà níbẹ̀. Mi ò lè máa sá aṣọ níbẹ̀ láràárọ̀. Bàbá ní ìlú Wídà fúnra ẹ̀ kúkú jìnnà sí òkun, bíi kìlómítà 4, ọ̀sà sì wà láàárín, òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá là mí lójú. Àwọn tó tẹ Wídà dó ò kọ́lé sétí òkun, ti Àjàṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ọ̀sà ni wọ́n jókòó sí. Ṣé wọn ò rí àgbọn ni, àbí wọn ò fẹ́ afẹ́fẹ́?

Grand-Popo tá a lọ lọ́jọ́ Sunday ló tiẹ̀ wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìlú tó gbájú mọ́ òkun ni ní tiẹ̀, àwọn òyìnbó oníṣòwò kọ́lé ńláńlá síbẹ̀ láyé ìjọba Faransé, èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ yẹn ti wà nínú omi, ìwọ̀nba ògbólógbòó ilé ló kù. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ o, mo fẹ́ràn oko tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n gbìn sórí yanrìn funfun, wọ́n ń bomi rin ín, ó ń ṣe dáadáa, mo fẹ́ràn bí tọmọdé tàgbà ṣe ń fi orin fa àwọ̀n jáde. Àmọ́ ó lé ní kìlómítà 80 sí Kútọnu, ta ni mo fẹ́ ta aṣọ fún níbẹ̀, ta ló máa kí mi ẹ káàárọ̀?

Ní tèmi, Àjàṣẹ́ ni. Bàbá á máa fẹsẹ̀ rìn lọ kírun ní mọ́sálásí ńlá táwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́, èmi á rí ọjà ná, àwọn ọmọ á máa wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀sà náà máa ń kún bí omi odò Wẹ̀mẹ̀ bá dé láti òkè ní September sí October, ibi gíga sì lèèyàn gbọ́dọ̀ wá, àmọ́ ọ̀sà máa ń padà síbi tó wà, òkun kì í dá ilé padà. Bàbá ò tíì gbà, Wídà ṣì wà lọ́kàn wọn.

Olóòtú, mi ò ní kẹ́ ẹ má gba ìpolówó, mo mọ̀ pé owó ẹ̀ lẹ fi ń tẹ ìwé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ tó gba ti ilẹ̀ etí òkun, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sómi tó lónìí àti bó ṣe jìnnà tó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó kọ ọ́ bóyá ó ní titre foncier, ìyẹn ìwé ẹ̀rí oní-nǹkan, láti ọ́fíìsì ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tàbí ìwé tí àwọn ará ilé jọ buwọ́ lù lásán. Àwọn tó ń fi owó fẹ̀yìntì ra ilẹ̀ pọ̀ lára wa, owó yẹn ò ní ìkejì. Mo pe nọ́ńbà tó wà nínú ìpolówó yẹn nígbà tá a dé Kétu, mo bi ọ̀gbẹ́ni tó gbé e níbi tí òkun wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ní òun á béèrè, òun á pè mí padà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mo ṣì ń retí ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ,
Kétu.