Ẹ Tọ́jú Fíríìsà Kí Ẹ Tó Ra Sólà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Bí ilé ìwádìí kan l'Ábùjá, Zaria tàbí Vom bá ní òun fẹ́ dín èéfín jẹnẹrétọ̀ kù, sólà lẹnu gbogbo wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Sólà dára. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó ra bátìrì fún iná tó ń ṣòfò?

Ẹ wo fíríìsà ńlá tó ń tutù dé -80°C, tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ àti DNA (èròjà àbùdá) pamọ́ sí. Èyí tó ti gbó lè jẹ tó yúníìtì 20 lójúmọ́. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan nínú jẹnẹrétọ̀ kì í sábà fúnni ju bí yúníìtì 3 lọ, nítorí náà fíríìsà kan ṣoṣo á mu lítà 6 sí 7 lọ́jọ́ tí iná ìjọba ò bá wá rárá. Ooru rẹ̀ tún wà nínú yàrá: mẹ́ta irú rẹ̀ tó láti gba gbogbo agbára é-sì 1 HP tọ̀sán-tòru.

Ẹ gbé fíríìsà náà wá sí -70, iná tó ń jẹ á fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Ohun tó bá gba -80 dandan, ẹ kó o jọ sínú ẹyọ kan. Iná tó ń lọ lójijì ló ń bà mí lẹ́rù níbí, torí nǹkan á tètè yọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi ìgò oníke olómi dí gbogbo àyè tó ṣófo. Ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu, omi máa ń wú tó bá di yìnyín, ìgò á sì bẹ́. Inú fíríìsà lásán ni kó ti kọ́kọ́ dì. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á mú èyí tó wà níbẹ̀ gbóná, á sì pa kọ̀mpírésọ̀ lára.

Ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa tún wà. Eruku rẹ̀ ń dí asẹ́ fíríìsà, ooru ò wá rọ́nà jáde. Láti November títí dé February, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fọ asẹ́ náà, kó sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Yìnyín etí ilẹ̀kùn, igi ni kí ẹ fi ha á; ọ̀bẹ á gé rọ́bà.

Omi tó ń tu ẹ̀rọ tó ń se omi di mímọ́ fún láàbù lára, tó máa ń ju lítà 10 lọ fún lítà kan omi mímọ́ tó bá ṣe, gọ́tà ló ń bá lọ. Ẹ darí rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà ka iná fíríìsà kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ gbé fún ẹni tó fẹ́ ta sólà fún yín.

Òǹkàwé yín,
Gwagwalada, Àbùjá