Ọjọ́ Poya Tó Bọ́ sí Sátidé

Kandy, Sri Lanka

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá ti le? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ fi Sátidé kan sinmi n'Íbàdàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí lọ́jọ́ Poya, pé kí n ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní. Ó dáa.

Ọjọ́ tí òṣùpá bá kún ni Poya, ọjọ́ mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Oṣooṣù ló ń wáyé, gbogbo ìlú ló sì ń gba ìsinmi. Alápatà kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sì í ta ọtí. Láti 1966 títí di 1971, ìjọba tiẹ̀ fi í rọ́pò ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù bí òṣùpá ṣe ń yí, kì í ṣe ìgbà tó bá kún nìkan. Ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ ọjọ́ méje, òmíràn á di mẹ́jọ, ọjọ́ iṣẹ́ wọn ò wá bá ti ayé tó kù mu mọ́. Wọ́n dá ìsinmi padà sí Sátidé àti Sọ́ńdè.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á wọ aṣọ funfun lọ sí tẹ́ḿpìlì láàárọ̀ kùtù, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á gbé òdòdó síwájú ère Búdà (wọn kì í gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀), á tan fìtílà olóróró àgbọn, á sì gba òfin mẹ́jọ lẹ́nu àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà. Èyí tó kàn ọ́ jù nínú wọn ni pé wọn kì í jẹun mọ́ láti ọ̀sán gangan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Kò sí orin, ijó, lọ́fínńdà, tàbí bẹ́ẹ̀dì gíga olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí tiwọn ní aago 6 ìrọ̀lẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lo máa mú, mú ti oúnjẹ yẹn. Òun ló ń dá ìyókù ọjọ́ sílẹ̀ fún ọ: kò sí ata lílọ̀, kò sí àwo fífọ̀, kò sí "kí la máa jẹ lálẹ́?" Àmọ́ má ki oúnjẹ bọnu ní aago 11 ààbọ̀ torí ebi tí kò tíì dé. Oorun lo máa fi gbogbo ọ̀sán sùn.

Se kiribath láàárọ̀, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi oje àgbọn sè. Ìrẹsì túwó ni kó o rà, torí èyí tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o kì í lẹ̀ mọ́ra. Ṣan ife méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó o bá ń ṣàn án títí omi fi mọ́ kedere, ohun tó ń mú un lẹ̀ ti bá omi lọ. Da ife omi mẹ́ta sí i, kó o sè é títí á fi rọ̀ tí omi á sì gbẹ. Wá da oje àgbọn tó ki sí i (èyí tí wọ́n fún lára àgbọn rírin, kì í ṣe omi inú rẹ̀), ife kan ààbọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí kékeré kan. Dín iná kù gan-an, kó o máa rò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí oje àgbọn bá hó yaya, á já, òróró á léfòó. Tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ, kó ga tó ìka méjì, kó o fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba. Jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó o tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ́. Gún ata gbígbẹ, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀, kó o fi jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń fi ẹja gbígbẹ sí ata náà níbí. Ìwọ yọ ọ́.

Ní ti àṣàrò tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ náà, ká ìró méjì, kó o jókòó sí etí rẹ̀ kí ìdí rẹ lè ga ju orúnkún lọ. Bí orúnkún bá ga jù, ẹ̀yìn á tẹ̀, á sì máa ro ọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kú, nà án. Àga náà dára. Fi ọkàn sí ibi tí èémí ti ń kan ihò imú. Ọkàn á sá lọ sọ́jà, á sá lọ bá gbèsè. Bó o bá ti rí i pé ó ti lọ, mú un padà, má bá a jà. Ìṣẹ́jú 20 tó. Àwọn tó rò pé ọkàn gbọ́dọ̀ ṣófo ló ń tètè pa á tì.

Bí oorun bá ń gbé ọ lọ lọ́sàn-án, dìde. Wá ibi tó gùn tó ìṣísẹ̀ 15 sí 20, bọ́ bàtà, kó o máa lọ kó o máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn wà ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Lálẹ́, tíì dúdú pẹ̀lú ṣúgà dára, omi èso tí o sẹ́ dáadáa náà dára. Kò sí mílíìkì, torí oúnjẹ ni wọ́n kà á sí. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé omi tó o mu kò tó, tàbí kọfí tó ti mọ́ ọ lára lo pa jẹ. Bí Màmá bá lóun á bá ọ ṣe é, kí wọ́n jẹun alẹ́ tiwọn o, torí oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lò.

Kọ̀wé sí mi bó o bá rí ìrẹsì náà rà, kó o sì sọ iye tí wọ́n ń tà á.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlá