Ìkòkò kan la fi ń se oúnjẹ nílé mi: lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú iṣẹ́. Mo kí bàbá ìbejì, mo kí àwọn ọmọ lókè òkun lọ́hùn-ún. Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ti pọ̀ lọ́jà.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́, torí ó dùn mí bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ tó rẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. O ní o máa ń se ráìsì àti adìyẹ díndín fún àwọn ìbejì, o máa ń ro àmàlà fún bàbá wọn, ìwọ tó o ti fi gbogbo òru tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ á wá jókòó ti ewé tútù àti kùkúḿbà torí o fẹ́ fọn. O ní tó bá ti tó ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ rẹ á balẹ̀ sínú ìkòkò àmàlà náà, wàá jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, wàá sì máa sunkún. O wá bi mí pé kí ni mo ń jẹ tí aṣọ fi fẹ̀ jù mí nínú fọ́tò ìkómọ tí mo fi ránṣẹ́.

Ohun tí gbogbo ilé ń jẹ ni mo ń jẹ. Mi ò se ìkòkò méjì, mi ò sì ní gbà kí ìwọ náà máa se é. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́mọ, tó ń tọ́kọ, kò ní agbára ìkòkò kejì. Tó bá fi ipá ní in lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, á wá rò pé òun ni kò lákòóso ara òun. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ìkòkò ilé ló yẹ ká tún ṣe, kí gbogbo wa jọ máa jẹ nínú rẹ̀.

O mọ ọ̀nà wa yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fa ọ̀nà BRT dé Ìkòròdú ní 2015, ó sàn ju ìgbà tí àwa méjèèjì ń jà wọ dánfó ní Sábó lọ, síbẹ̀ tí mi ò bá tíì jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, mo ti pẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi láti Ìpákòdò yá ju ti orí ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè máa san lójoojúmọ́. Nítorí náà inú ọkọ̀ ni ìdajì ìgbésí ayé wa wà. Ẹni tó bá jáde láìjẹun, ebi á pa á dé Máìlì 12, á ra búrẹ́dì, á ra gàlà, á fi ẹlẹ́rìndòdò tutù lé e. Kò ní jẹ ojúlówó oúnjẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá wá délé ní aago mẹ́jọ alẹ́, òkèlè tí ì bá jẹ lọ́sàn-án, òkèlè tó yẹ kó jẹ lálẹ́, gbogbo rẹ̀ ni á pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa kó àwo ọmọ, á rí ráìsì tí wọ́n jẹ kù àti eegun tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀, á ní kí oúnjẹ má ṣòfò. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Àjẹkù ọmọ yẹn, oúnjẹ ni o. Ní tèmi báyìí, mo ní kí wọ́n máa bu díẹ̀ kọ́kọ́, ẹni tí kò bá yó a padà wá bù sí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú ìkòkò náà ni epo. Ṣíbí ìjẹun kan, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, ó tó nǹkan bíi kálórì 120. Gíráàmù kan ọ̀rá ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù kan èròjà afáralókun tó wà nínú gaàrí àti iṣu ní 4. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó ń bú ẹ̀bà ṣáá kò tíì wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò. Èèyàn á gé òkèlè rẹ̀ sí ìdajì, epo á sì léfòó lórí ọbẹ̀ tó fẹ́ fi jẹ ẹ́. Mo wá gbé ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike epo. Mi ò da epo láti inú ike sínú ìkòkò mọ́, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo sì ń dín in kù láìpariwo, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàbá Ayọ̀ ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní ọbẹ̀ yìí ò dán. Mo ní ṣé ó dùn? Wọ́n ní ó dùn. A ò tún sọ ọ́ mọ́. Ara tiwọn gan-an ló jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí nígbà tí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́dún tó kọjá, ó ti fẹ́ kan 140/90 tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kì wá nílọ̀ sí.

Ẹja yíyan, edé, irú, àlùbọ́sà, àti ata tí mo jẹ́ kó jiná kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, àwọn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ epo. Mi ò jẹ́ kí máàgì gbà á o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú máàgì sì wà lára rẹ̀.

Ẹni tí mo bẹ̀rù jù ni ìyá ọkọ mi. O mọ̀ pé ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ni wọ́n, o sì mọ ohun tí ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ lójú wọn. Wọ́n wá kí wa ní Sátidé kan, wọ́n gbé ewùrà ńlá lọ́wọ́. Èmi àti Ayọ̀ la jọ bó o, a rin ín, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ wa, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ata ti ń hó lórí iná. Mo bu epo pẹ̀lú ṣíbí mi, màmá ń wo ọwọ́ mi, wọn ò fọhùn. Mo wá da ṣawá yíyan àti edé tí mo rà ní Èbúté sí i, ó pọ̀ dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ju ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kéékèèké. O mọ̀ pé èèyàn kì í tètè rò ó, àfi kó kọ́kọ́ dì, kó má bàa di àsáró. Nígbà tó jiná, màmá tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Ẹja pọ̀ níbẹ̀.” Wọ́n tún bù sí i. Inú mi dùn dé alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ẹja àti edé bá pọ̀, ikùn máa ń tètè gbà pé òun yó, ọwọ́ a sì tètè kúrò nínú àwo.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà fi tún òkèlè ṣe. Mo bu ọbẹ̀ sínú àwo ńlá, mo fi òkèlè sínú èyí tó kéré. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ń dàgbà, mi ò gé tiwọn, wọ́n ń jẹ òkèlè wọn yó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwo mi àti tiwọn ò ju ìwọ̀n òkèlè lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kíyè sí i.

Ẹ̀wà lo máa fi bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà lálẹ́ Sátidé, a bó o, a lọ̀ ọ́. Ẹ̀wà kan náà, ata kan náà: tó bá bọ́ sínú òróró gbígbóná ó di àkàrà tó mu epo yó, tó bá wọ inú ewé tó sì fi ooru jiná, ó di mọ́ínmọ́ín. Mi ò ní ká má jẹ àkàrà o. Àkàrà ti di ti àárọ̀ Sọ́ńdè nílé wa, a máa ń fi ayọ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín ló ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà kékeré, pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí ọsàn, mo sì máa ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe ní aago márùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti ń jẹun gidi lọ́sàn-án ni ebi alẹ́ yẹn ti rọ̀. Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà mi ò lè se ti ọ̀sẹ̀ kan pamọ́ bíi tìrẹ. Ìwọ tó o ní fìríìsà tó ń dì tọ̀sán-tòru, se é jọ, kó o dì í sí ike kéékèèké.

Ẹlẹ́rìndòdò ti kúrò nílé wa, àfi tí àlejò bá dé. Wo ara ike èyí tó o bá mú lọ́wọ́. Tó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50cl kan jẹ́ gíráàmù 50, ìyẹn ìwọ̀n tí àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000 kò gbọ́dọ̀ kọjá fún odindi ọjọ́. Ìjọba wa pàápàá fi owó orí náírà 10 lé lítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ oorun rẹ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ẹni tí kò bá sùn tó, ara rẹ̀ a máa pe oúnjẹ, àgàgà ohun dídùn àti ohun olóròóró. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani a pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ pé a ti yó a dín kù. Nítorí náà nígbà tó o bá dé láti iṣẹ́ òru, tó o dúró ti fìríìjì, má bú ara rẹ. Jẹ ohun díẹ̀ tó gbóná, ẹ̀wà tàbí ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ti fèrèsé, kó o sùn. Kí bàbá ìbejì máa kó àwọn ọmọ lọ síléèwé láwọn ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbà ọ́.

Ní ti ìrìn, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ kí n tó dé àdúgbò wa, kí n fẹsẹ̀ rin ìyókù dípò kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi rìn kíákíá, ó kéré tán, kò sì di dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Jọ̀ọ́, má ra tíì tó ń múni fọn tó o sọ yẹn. Ewé tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi àti ìgbẹ́ ló ń bá a jáde, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lára òun. Tí ìwọ̀n bá sì ń dà ọ́ láàmú, mú téèpù aránṣọ, wọn ikùn rẹ. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá 88cm, ìyẹn bí íńṣì 35, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti pọ̀. Ìyẹn ni mo ń wò, mi ò fi ọjọ́ mi dúró lórí ìwọ̀n.

Tó o bá wá ń fọn, àwọn èèyàn wa á sọ̀rọ̀. Ní òde àríyá ìkómọ yẹn, obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá mo ń ṣàìsàn, àbí wàhálà wà láàárín èmi àti ọkọ mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè. Lójú wa, ara tó dán tó sì kún ni àmì pé ilé dùn. Mo fún un lésì pẹ̀lú ẹ̀rín, mo jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé wá, mo jẹ ráìsì díẹ̀, mo sì jó dáadáa. Mi ò ní kọ òde nítorí oúnjẹ.

Ohun kan tí mo pinnu ni pé Ayọ̀ kò ní gbọ́ kí n bú ara mi níwájú dígí. Ó ti fẹ́ di ọmọge. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni bí a ti ń se ọbẹ̀ tó dùn tó sì ṣara lóore. Àwọn ìbejì rẹ náà ń wò ọ́ bó o ṣe jókòó ti kùkúḿbà tó o ń fajú ro. Jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ jẹun.

Kọ ohun tí ẹ ń jẹ nílé láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ká jọ wo èyí tí gbogbo yín lè jọ máa jẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra elùbọ́ dúdú àti ewédú gbígbẹ fún ọ, irú gbígbẹ náà á wà níbẹ̀. Tí ohun mìíràn bá wà tó o fẹ́, tètè sọ kí wọ́n tó di ẹrù rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Ayọ̀.