Sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń sáré oyè nínú ìjọ

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìnáwó o. Láàárín oṣù mẹ́ta, káàdì ìfinijoyè mẹ́rin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, owó aṣọ ẹbí sì ti tán mi lápò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo bá wá.

Àlùfáà kan wà nílẹ̀ Írẹ́lándì láyé àtijọ́, Cathal Mac Maghnusa. Ọdún 1439 ni wọ́n bí i. Oyè tí ẹ ń wá, baba yìí jẹ ẹ́ yó: kánọ́nì ni ní Armagh, kánọ́nì ni ní Clogher, òun náà ni díìnì Lough Erne, ọdún 15 ló sì fi ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù Clogher. Olórí ẹbí ni, ó tún ń gba àlejò sílé ní erékùṣù rẹ̀ láàárín adágún Lough Erne. Ìjọ Àgùdà kò gba àlùfáà láyè kó láya, àmọ́ ọmọ rẹ̀ lé ní mẹ́wàá. Ẹ má wò mí lójú.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, n kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àmọ́ ó kó àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ jọ, ó fi Ruaidhrí Ó Luinín sídìí àdàkọ. Láti orí ọdún 431 ni ìtàn inú ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tò ó lọ́dọọdún sórí awọ ẹran: ọba tó wàjà, ogun, àjàkálẹ̀ àrùn, ṣọ́ọ̀ṣì tó jóná. Annals of Ulster ni ayé ń pè é. Ó wà ní Trinity College ní Dublin títí dòní.

Ìwé ìrìbọmi ìjọ tí mo ti ṣe akọ̀wé ńkọ́? Ikán jẹ ẹ́ dé ìdajì. Èmi náà ni mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lóṣù Ẹrẹ́nà 1498, ilẹ̀ gbígbóná mú Cathal lọ (n ò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an). Wọ́n kọ ikú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ náà, wọ́n ní bí àdàbà ló ṣe mọ́ tó. Mo rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá, mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí ọ̀kan nínú yín mú bíro àti ìwé wá bá mi. A máa lọ sọ́dọ̀ Màmá tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣì rántí orúkọ gbogbo àwọn tó po amọ̀ ògiri àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti ń lọ sílẹ̀.

Èmi ni, baba yín.