Bí káínéèsì ṣe ń mọ prótéènì tó ń wá

Adéọlá ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o kà nípa imatinib, oògùn tó ń dí káínéèsì lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, o wá bi mí pé báwo ni káínéèsì fúnra rẹ̀ ṣe ń mọ prótéènì tó yẹ kó fọwọ́ kàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kún inú sẹ́ẹ̀lì.

Káínéèsì fúnra rẹ̀ jẹ́ prótéènì, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: á yọ fọ́sífétì kan lára ATP, èròjà tó ń gbé agbára kiri inú sẹ́ẹ̀lì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ prótéènì mìíràn lára. Ìyẹn lè jí prótéènì náà, ó sì lè mú un dákẹ́. Orí serine, threonine tàbí tyrosine ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ámínò ásíìdì tí a fi ń to prótéènì ni wọ́n, wọ́n sì wà káàkiri ara rẹ̀. Àwa èèyàn ní káínéèsì tó lé ní 500. Bí o bá dúró láàárín ọjà tó o pe Àjàyí, ẹni mẹ́wàá ló máa dáhùn.

Nítorí náà, àwọn aládùúgbò ni káínéèsì kọ́kọ́ ń wò, ìyẹn àwọn ámínò ásíìdì tó wà nítòsí ibi tí fọ́sífétì ń lọ. Káínéèsì tó ń jẹ́ PKA fẹ́ kí arginine méjì wà nítòsí níwájú serine náà. Àwọn káínéèsì CDK fẹ́ kí proline tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Glutamine ni òmíràn, ATM, ń fẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ronú o. Kòtò tóóró kan wà lára káínéèsì tí prótéènì náà ń tẹ́ sí. Nínú PKA, iná ara arginine jẹ́ ti ìròpọ̀, ti inú kòtò náà jẹ́ ti ìyọkúrò, wọ́n á sì fa ara wọn mọ́ra. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan, tí Lewis Cantley wà lára wọn, tẹ àkójọ irú aládùúgbò tí 303 káínéèsì ti serine àti threonine fẹ́ràn jáde.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé káínéèsì ń lẹ fọ́sífétì mọ́ tyrosine náà. Ní 1979, omi ásíìdì tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni olùwádìí kan, Tony Hunter, fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Agbára ásíìdì omi náà ti yí díẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí fọ́sífétì orí tyrosine yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti threonine. Ká ní ó po omi tuntun ni, ì bá má rí i!

Ṣùgbọ́n aládùúgbò nìkan ò tó, torí ọ̀pọ̀ káínéèsì ló fẹ́ràn irú kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí: káínéèsì tún ń di prótéènì mú níbòmíràn, tó jìnnà sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. CDK2, ọ̀kan nínú àwọn CDK, ń bá prótéènì kan tó ń jẹ́ cyclin A rìn, cyclin náà sì ní ojú kan tó ń gbá arginine àti leucine mú lára prótéènì tí wọ́n ń wá. Káínéèsì mìíràn, ERK, ní ihò tirẹ̀ fún irú ìdìmú bẹ́ẹ̀. Src, òun náà káínéèsì, ní ẹ̀ka kan, SH2, tó ń lẹ̀ mọ́ tyrosine tó ti ní fọ́sífétì tẹ́lẹ̀. GSK3 tiẹ̀ le jù wọ́n lọ: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fọwọ́ kan prótéènì àyàfi bí káínéèsì mìíràn bá ti kọ́kọ́ lẹ fọ́sífétì mọ́ ọn nítòsí.

Nínú jẹjẹrẹ, ohun tó ń bàjẹ́ kì í ṣe ìkan náà. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí imatinib wà fún, krómósómù 9 àti 22 á gé, wọ́n á pààrọ̀ apá, káínéèsì ABL á so mọ́ prótéènì mìíràn, BCR, kò sì ní sinmi mọ́. Kòtò rẹ̀ ò yí padà; ìdákẹ́ ló sọnù. Ti káínéèsì RET yàtọ̀. Nínú MEN2B, àrùn tó ń fa jẹjẹrẹ táíróìdì, ámínò ásíìdì methionine tó wà ní ipò 918 lára RET ló ń di threonine. Ní 1995, wọ́n fi hàn pé àyípadà kan ṣoṣo yìí ń mú RET bẹ̀rẹ̀ sí í yan irú prótéènì tí Src àti ABL máa ń yàn. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kọjá sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Imatinib tó o kà nípa rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2001, ò dí ibi ìdánimọ̀ yìí rárá. Ihò ATP ló ń jókòó sí, gbogbo káínéèsì ló sì ní irú ihò yẹn, ìdí nìyẹn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fi máa ń kan àwọn tí a ò rán an sí. Lójú tèmi, ibi ìdìmú tó jìnnà wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n túbọ̀ máa lépa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn tẹ́jú, oògùn kékeré kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi dì mú níbẹ̀.

Mi ò tíì dé orí káínéèsì BRAF, tó jẹ́ pé prótéènì méjì, MEK1 àti MEK2, nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Bó o bá fẹ́ kí n kọ nípa rẹ̀, sọ fún mi. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé