Ẹ má fi òùngbẹ pa kákítọ́ọ̀sì orí igi nígbà òtútù

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde lójú ewé òdòdó inú ilé ló jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà yìí, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní tí òtútù bá ti dé, kéèyàn gbé kákítọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀ kan kó má sì fún un lómi rárá títí ooru á fi padà, pé kákítọ́ọ̀sì ò mọ òùngbẹ. Mi ò bá a jà, torí ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú aṣálẹ̀, àwọn roboto tí ẹ̀gún bò lára yẹn. Àmọ́ fọ́tò tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, Schlumbergera ni, èyí tí ẹ̀ka ẹ̀ rí pẹlẹbẹ tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí òdòdó ẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ka. Ìyẹn ò mọ aṣálẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ràn yẹn tọ́jú ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, ó ti pa á nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi náà nìyẹn.

Igbó orí òkè lápá gúúsù ìlà oòrùn Brazil ni Schlumbergera ti wá, orí igi ló ń gbé níbẹ̀ tàbí inú pàlàpálá àpáta, ibi tí òjò àti kùrukùru ò jìnnà sí i. Epiphyllum náà, kákítọ́ọ̀sì mìíràn tó wá láti Mexico lọ sísàlẹ̀, orí igi ni. Rhipsalis tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí okùn, òun náà orí igi ni, kódà ọ̀kan nínú wọn, Rhipsalis baccifera, òun nìkan ni kákítọ́ọ̀sì tí wọ́n bá nínú igbó lẹ́yìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé èèyàn ló lọ gbìn ín síbẹ̀, ó wà nílẹ̀ Áfíríkà, ó wà ní Madagascar, ó wà ní Sri Lanka.

Tí mo bá ti sọ pé orí igi ni wọ́n ń gbé, àwọn kan á ní ṣé àfòmọ́ ni wọ́n ni. Rárá o. Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan, ara igi ló ti ń fa oúnjẹ. Àwọn tí mò ń sọ yìí ní gbòǹgbò tiwọn, wọ́n kàn jókòó sórí ẹ̀ka ni, ewé jíjẹrà tó kó jọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ka ni wọ́n ń jẹ, òjò tó bá ń ṣàn kọjá ni wọ́n ń mu, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, gbogbo bí a ṣe máa tọ́jú wọn nínú ilé ti wà nínú ìyẹn: òjò ń rọ̀ sí wọn lára àmọ́ omi kì í dúró sí wọn nídìí, atẹ́gùn ń fẹ́ sí gbòǹgbò, oòrùn sì ń gba àárín ewé igi kọjá kó tó kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo ilẹ̀ dúdú lásán fún wọn, èèpo igi wẹ́wẹ́ ni mo máa ń pò mọ́ èèpo àgbọn lílọ̀ àti perlite, ìyẹn hóró òkúta funfun tó fúyẹ́, tí mo bá bomi sí i, kí n rí i kó máa jáde nísàlẹ̀ ìkòkò lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo ní Schlumbergera, ẹnì kan tí mo gbà pé ó mọ̀ jù mí lọ sọ irú ohun tí ẹ sọ yìí fún mi, mo sì gbé e sójú fèrèsé, mo fi í sílẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀ka tó máa ń le koko tẹ́lẹ̀ fi rọ̀ jọwọlọ, tí mo bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú un, ńṣe ló tín-ín-rín bí awọ, ó hunjọ, ilà wẹ́wẹ́ gba gbogbo ojú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì ti ń pọ́n lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní òùngbẹ ni, ni mo bá da omi sí i, omi púpọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mi ò rí i kó le mo tún da òmíràn sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ti gbẹ kú, omi tí mò ń dà ò rí ẹni mu ún, ó dúró síbẹ̀ nínú òtútù, ìdí ẹ̀ sì jẹrà. Nígbà tí mo fà á, ó tú kúrò nínú ìkòkò láìjà rárá, ìdí ẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀ ó ti rudi mẹ́rin kí n tó gbé e sójú fèrèsé yẹn o, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tóbi ju orí ìṣáná lọ.

Ohun tó burú jù nínú ìmọ̀ràn yẹn ni pé Schlumbergera ò tiẹ̀ tíì sinmi lásìkò yẹn. Inú òtútù gan-an ló ń yọ òdòdó, ẹ wá ní kí wọ́n gba omi lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́ jù. Ìgbà tí òdòdó bá rẹ̀ dànù tán ló tó ń sinmi fún bí oṣù kan sí méjì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ dín omi kù, dín in kù o, mi ò ní kẹ́ ẹ gbà á tán. Ki ìka bọ inú ìkòkò, tó bá ti gbẹ dé oríkèé ìka, fún un lómi díẹ̀, tó bá ṣì tutù níbẹ̀, fi í sílẹ̀. Àwọn Epiphyllum tí wọ́n ti mú oríṣiríṣi pọ̀ bí, àwọn olódòdó ńláńlá yẹn, ní tiwọn wọ́n máa ń sinmi lóòótọ́ nígbà òtútù, ibi tó mọ́lẹ̀ tó sì tutù bíi dígírì 8 sí 12 ló tẹ́ wọn lọ́rùn, tí wọn ò bá rí òtútù yẹn òdòdó wọn kì í pọ̀, àmọ́ àwọn náà ń fẹ́ omi díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀ka má baà hunjọ. Ajílẹ̀ ńkọ́? Kò sí ajílẹ̀ títí wọ́n á fi máa yọ ẹ̀ka tuntun.

Tí òru bá ti ń tutù lọ sí dígírì 10, kí wọ́n ti wọlé, torí omi ló kún inú ẹ̀ka wọn, tó bá dì pẹ́nrẹ́n ó parí. Kẹ́ ẹ tó gbé wọn wọlé, ẹ yẹ oríkèé ẹ̀ka wò, kòkòrò funfun tó rí bí òwú máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ka kan gíláàsì fèrèsé, ẹ má sì gbé wọn sórí hítà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn máa ń jẹ́ kí ìrudi já bọ́ kó tó là.

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn náà wà ńbẹ̀ tí ẹ ò fẹnu bà. Schlumbergera máa ń ka bí òru ṣe gùn tó, ó fẹ́ òkùnkùn bíi wákàtí 13 tàbí 14 lálaalẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó rudi. Ti àbúrò mi obìnrin wà ní pálọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó tutù yọ̀yọ̀, kò yọ òdòdó kankan, àwọn èèyàn ń ní kó jù ú nù. Mo ní kó gbé e sí yàrá tí wọn kì í tan iná sí lálẹ́. Ó pè mí lẹ́yìn bí oṣù kan àtààbọ̀, ó ń pariwo lórí fóònù pé nǹkan pupa wẹ́wẹ́ ti wà lẹ́nu gbogbo ẹ̀ka. Mo ní kó má yí ìkòkò náà padà mọ́, kó má gbé e kiri, torí ìyẹn náà máa ń já ìrudi bọ́.

Epiphyllum oxypetalum tèmi ti la ìgbà òtútù mẹ́rin já báyìí, kò rí òtútù tó ju dígírì 12 lọ, omi díẹ̀ ló ń mu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Nígbà ooru tó kọjá ó rudi kan ṣoṣo, ọrùn ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gbé orí sókè, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí i pé ẹnu ẹ̀ ti ń wú. Ilẹ̀ ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là, a gbé àga sí iwájú ẹ̀, kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n. Kó tó di ààjìn, ó ti là tán, ó funfun, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, òórùn dídùn ẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Àfòpiná ni òdòdó yẹn ń là dè nínú igbó. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti rẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Òru kan péré!

Àwọn òdòdó yìí kì í ṣe ti àná, láti 1819 ni Adrian Haworth, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa Schlumbergera truncata, ìkòkò kan ṣoṣo sì lè wà nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ìyá á fi gbé e fún ọmọ. Ẹ̀yin Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ kí àwọn èèyàn tó gbé tiwọn sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá sì ti hunjọ, kó má tíì jù ú. Kó wá ẹ̀ka tó ṣì le díẹ̀, kó gé oríkèé méjì sí mẹ́ta, kó fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ojú ibi tó gé gbẹ, kó wá tì í bọ inú èèpo igi tó rin díẹ̀, kó gbé e síbi tó móoru tí oòrùn ò ti ta sí i tààrà. Schlumbergera tó wà lójú fèrèsé mi lónìí, oríkèé méjì tí mo rí gé lára èyí tó jẹrà yẹn ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó fẹ́ràn òdòdó